Ojú Tó Wà Lẹ́yìn Mọ́tò

Ọbáfẹ́mi Ògúndípẹ̀ fi ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé, "wọ́n" ló yẹ kí n máa lò fún un nínú ìtàn yìí. N kò ní í lò ó. Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, "Ẹnjiníà sà" ni mo ń pè é, mo sì ń tẹrí ba kí n tó kọjá. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, níbi tí kò ti lè rí mi, "ó" ni màá máa pè é, ẹni tó bá sì dùn kó lọ bá a gbé.

Èmi ni Dennis. Sítọ́ọ̀ ni mo ń tọ́jú ní iléeṣẹ́ kan tí a ti ń ṣe ọ̀rá ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, àwọn ọ̀rá dúdú tí ọlọ́jà fi ń di ẹrù fún yín tí ẹ sì ń jù sí gọ́tà. Ọbáfẹ́mi ni ó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ wa. Fẹ́sítákì ló dàgbà sí. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ga díẹ̀, gba fúláàtì níbẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì kàwé já: ọ̀kan di dókítà, ìkejì di lọ́yà. Ọbáfẹ́mi lọ sí pólì, ó kà á dé ìdajì, ó fi í sílẹ̀. Títí bàbá náà fi fẹ̀yìn tì, títí ó fi kú, bí àlejò bá ti wọlé, á tò wọ́n, á na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Dókítà nìyí. Lọ́yà nìyí. Èyí máa ń tún nǹkan ṣe." Ọbáfẹ́mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan tí bíà ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ pè é ní Bọ̀dá Fẹ́mi níbi iṣẹ́.

N kò ní í purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá ní mọ́tò méjì. Mi ò sọ mọ́tò tí ẹ ń wọ̀ lọ sí Alákijà o, mọ́tò oníná ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sáfò. Ọ̀kan ń fa ọ̀rá jáde, ìkejì ń gbé ọ̀bẹ gbígbóná sókè sódò. Mọ́tò lásán, tí o bá ti fún un níná, á kàn máa yí. Sáfò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. O lè ní kó yí ìdajì kó dúró, o lè ní kó gbé nǹkan mọ́ra sókè kó má mì, yóò sì ṣe é ní ẹgbẹ̀rún ìgbà lójúmọ́ láìṣì.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé, ó pe gbogbo wa jọ láti kọ́ wa. Kò ya nǹkan kan sára ògiri. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ dì mí lójú, ó ní èmi ni mọ́tò: n kò ríran, n kò gbọ́n, ẹni tó bá tì mí ni n ó bá lọ. Ó fi Ìkẹ́ sẹ́yìn mi, ó ní òun ni dírafù, òun ló ní agbára, òun ni yóò máa tì mí, díẹ̀ tàbí púpọ̀, bí wọ́n bá ṣe sọ fún un. Ó mú Dáúdà jókòó sórí àga ní ìkángun, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó ní òun ni kọ̀ǹtúrólà, òun ló ń pàṣẹ. Ó wá ní kí Àyìnkẹ́ di èjìká mi mú kó máa ka ẹsẹ̀ tí mo bá gbé sókè ketekete kí Dáúdà lè gbọ́. Òun ni ẹnkódà, ojú tó wà lẹ́yìn mọ́tò.

"Ẹsẹ̀ mẹ́wàá, kó dúró," ni Dáúdà wí. Ìkẹ́ tì mí. Àyìnkẹ́ ń kà: ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta. Nígbà tí ó ku méjì, Dáúdà ní kí Ìkẹ́ rọra, mo sì dúró síbi tí wọ́n fẹ́ gan-an. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. A tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí a dé ẹsẹ̀ kẹta, Ọbáfẹ́mi yọ́ wá láti ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ bo Àyìnkẹ́ lẹ́nu. Dáúdà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó rò pé mo ṣì wà lójú kan. Ó ní, "Tì í." Kò gbọ́ èsì. Ó ní, "Tì í dáadáa, jọ̀ọ́!" Ìkẹ́ tì mí lọ lu òkìtì páálí, mo fi imú lulẹ̀, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹ rí i?" ni Ọbáfẹ́mi wí. "Mọ́tò yẹn ò ya wèrè o. Ó ń gbọ́ràn ni. Kò ṣáà ti sí ẹni tó ń sọ ibi tó dé."

Àyìnkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìjegùn-Ẹ̀gbá ló ń gbé. Láti ọdún 2020 tí iná ọ̀pá epo ti ba ilé wọn jẹ́ ní Abúlé Adó ló ti kó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Òun ni wọ́n fẹ́ fi sídìí ẹ̀rọ náà láàárọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò, ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ìlà ni wọ́n máa ń tò dè é. Ó bi Ọbáfẹ́mi pé, "Ẹnjiníà sà, tí ẹnkódà bá wá dákẹ́ báyẹn tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Àláàmù máa ké, dírafù á sì gé iná lójú ẹsẹ̀." Ó fi èékánná hàn án. "Mo ti kọ ọ́ sínú ẹ̀. Tí ibi tí mọ́tò wà àti ibi tó yẹ kó wà bá fi báyìí péré yàtọ̀ síra, kó dákẹ́. Fọkàn balẹ̀."

Ó fọkàn balẹ̀.

Ọdún kan àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, wáyà tó ń gbé ìròyìn ẹnkódà mọ́tò ọ̀bẹ lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹtúrólà bẹ̀rẹ̀ sí í já nínú, nítorí gbígbọ̀n tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n ọ́n láti àárọ̀ dalẹ́. Tí o bá wò ó lóde, awọ rẹ̀ ń dán. Àmọ́ á máa sọ̀rọ̀, á tún dákẹ́. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti dákẹ́, àláàmù á ké, ẹ̀rọ á dúró, bí ó ti yẹ. Ó tó ìgbà márùn-ún, mẹ́fà lójúmọ́. Ọbáfẹ́mi rí àrùn náà ní ọjọ́ kìíní. Wáyà tuntun ló fẹ́, òkè òkun ni yóò ti wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kí n kọ ìwé tí a ó fi rà á. Mo kọ ọ́.

Ní ibí yìí, ẹ ní láti mọ Màmá Ẹ̀bùnlọlá, tó ni iléeṣẹ́. Aago méje ààbọ̀ ni àdúrà wa láràárọ̀, Màmá ló sì ń darí rẹ̀. Ó gbà pé ohun tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni yóò ṣẹ sí i lára. Nítorí náà, "bàjẹ́," "já," "jóná" àti "kú" kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé tí a ń kọ ìṣòro ẹ̀rọ sí. Bí bẹ́líìtì bá já, a ó kọ ọ́ pé bẹ́líìtì ń sinmi. Ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ jóná, a kọ ọ́ pé jẹnẹrétọ̀ ń retí ìyanu. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ọbáfẹ́mi wọlé tọ̀ ọ́, èmi náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé ọwọ́ mi.

"Mà, ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ dúró títí wáyà á fi dé. Wáyà ẹnkódà ẹ̀ ti..." Ó rántí òfin, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mà."

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀rọ ni kò ṣe é tún ṣe, àbí ẹ̀yin lẹ ò lè ṣe é? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ sọ, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Màá kàn pe ẹni tó parí yunifásítì."

Mo rí ojú Ọbáfẹ́mi. Mo rò pé bàbá rẹ̀ ló tún dìde láti inú sàréè, tó na ìka sí i.

"Màá ṣe é, Mà," ni ó wí.

Kò ṣe wáyà. Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ dírafù, ó wá ibi tí ó kọ ìwọ̀n àṣìṣe sí, èyí tó fi èékánná júwe fún Àyìnkẹ́, ó sì sọ ọ́ di ńlá débi pé kò sí àṣìṣe tó lè dé ibẹ̀ mọ́ láyé. Ó tún pa àláàmù tó ń ṣọ́ wáyà fúnra rẹ̀. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Mo bi í pé ṣé kò léwu. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, Dennis. Tí wáyà bá ti dé, màá dá a padà síbi tó wà."

Àláàmù kò ké mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá pè é jáde níwájú gbogbo wa pé kó wá jẹ́rìí. Ó jẹ́rìí. Ó ní Ọlọ́run ti wo ẹ̀rọ náà sàn, a sì kọrin, a jó. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ìwé tí mo kọ láti fi ra wáyà padà sọ́wọ́ mi, Màmá ti fi bírò pupa fa ìlà méjì gba orí rẹ̀. Ó ní ta ní ń ra oògùn fún ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Mo fi ìwé náà han Ọbáfẹ́mi. Ó wò ó títí, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀. Ó ti mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò ní í parí.

Ọ̀bẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Kò pọ̀, bí ìgbà tí oorun bá ń kun èèyàn tí orí rẹ̀ sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àyìnkẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó lọ bá Ọbáfẹ́mi níkọ̀kọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀bẹ yẹn ń fò. Mi ò tíì tẹ nǹkan kan, ó kàn ń já wálẹ̀ ni."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Rárá o, sà."

"Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ."

Ó padà. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣí ìwé ìṣòro ẹ̀rọ, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ nigín kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọ̀bẹ fò lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá mú ìwé náà wá síbi àdúrà. Ó ní kí Àyìnkẹ́ jáde, ó ka ọ̀rọ̀ náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa, ó fa ojú ìwé náà ya, ó sì ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà padà.

"Ọ̀bẹ kò fò," ni Àyìnkẹ́ wí.

"A ò gbọ́ ẹ."

"Ọ̀bẹ kò fò!"

"Ẹ̀rù ńkọ́?"

"Ẹ̀rù kò bà mí, Mà."

A ní àmín. Ọbáfẹ́mi wà ní ìlà iwájú, ó ní àmín tirẹ̀ ketekete. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Àyìnkẹ́ ń kọ sínú ìwé: "Gbogbo rẹ̀ dára, ọpẹ́ ni." Ó kọ ọ́ ní ìgbà mọ́kàndínlógún. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé wọ́n padà ní kí n kà á.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Ọ̀rá lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọ̀bẹ, bí ó ti máa ń ṣe. Àyìnkẹ́ tẹ bọ́tìnnì ìdúró bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ọ̀bẹ gòkè, ó dúró síbẹ̀. Bọ́tìnnì pupa ńlá kan wà tó ń gé iná kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n tí o bá tẹ ìyẹn, ẹ̀rọ á tún lo ogún ìṣẹ́jú kó tó gbóná, Màmá sì ti ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kó wá ṣàlàyé. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀bẹ yẹn kò dúró fúnra rẹ̀. Mọ́tò ló gbé e mọ́ra sókè, bí èèyàn ṣe ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ẹnkódà ló sì ń sọ fún kọ̀ǹtúrólà ní gbogbo ìgbà pé, ó ṣì wà lókè, ó ṣì wà lókè. Àyìnkẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ rẹ̀ láti já ọ̀rá náà kúrò. Wáyà dákẹ́. Kọ̀ǹtúrólà rò pé ọ̀bẹ ti ga kọjá ibi tí òun fi í sí, ó ní kí dírafù tì í. Kò gbọ́ èsì. Ó ní kó túbọ̀ tì í. Dírafù fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í wálẹ̀.

Kò sí àláàmù. Ẹnu àbáwọlé sítọ́ọ̀ ni mo wà, igbe Àyìnkẹ́ nìkan ni mo gbọ́, lẹ́yìn náà ni òórùn ẹran sísun. Ìka mẹ́rin já lójú kan náà. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ìyókù dé ọrùn ọwọ́, wọ́n ní iná ọ̀bẹ ti sè é, kò wúlò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ọbáfẹ́mi ṣe ní ọ̀sán yẹn. Ọkọ̀ tó gbé Àyìnkẹ́ kò tíì jáde ní géètì tán nígbà tí ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, ó so ó mọ́ dírafù, ó sì dá nọ́ńbà náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó fi àpótí kọ̀ǹpútà bò ó. Mo wò ó bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo kórìíra rẹ̀ ní ọjọ́ náà, mo ṣì kórìíra rẹ̀ títí di òní, oúnjẹ ọ̀sán kan náà la sì jọ ń jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́yà Màmá wá. Ó bi Ọbáfẹ́mi pé ṣé ẹ̀rọ náà ní ìṣòro kan kí nǹkan yìí tó ṣẹlẹ̀. Ó ní rárá. Wọ́n yẹ dírafù wò, ohun gbogbo wà bó ṣe yẹ. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n ní kí n ka ìgbà tí Àyìnkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ dára, mo ka mọ́kàndínlógún. Lọ́yà ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, àìfarabalẹ̀ Àyìnkẹ́ fúnra rẹ̀ ló fà á. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọdún kan péré ni irọ́ yìí ti lò báyìí, ara rẹ̀ sì le. Tí ẹ bá fẹ́ bi mí pé kí ni èmi sọ lọ́jọ́ náà, n kò sọ nǹkan kan. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ méjì, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Màmá ní kí èmi àti Ọbáfẹ́mi lọ kí i nílé. A ra búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì inú agolo dání, a lọ sí Ìjegùn-Ẹ̀gbá. Dammy ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa, wọ́n ti gé irun orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Àyìnkẹ́ jókòó létí ibùsùn, ó fi ìborùn wé ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti rù. Inú rẹ̀ dùn láti rí wa, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kí Ọbáfẹ́mi kú ìrìn, ó kí i kú oòrùn, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí a jókòó tán, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹnjiníà sà, nǹkan kan wà tí kì í jẹ́ n sùn. Àláàmù yẹn. Ẹ ní á ké. Kí ló dé tí ò ké?"

Mo wo Ọbáfẹ́mi. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó sọ ọ́. Màmá kò sí níbẹ̀, lọ́yà kò sí níbẹ̀, àwa mẹ́ta àti ọmọ náà péré ni, obìnrin náà kò sì béèrè ju ọ̀rọ̀ kan lọ.

"Ó ké," ni Ọbáfẹ́mi wí. "Ìwọ lo ò gbọ́."

"Ó ké, sà?"

"Ó ké dáadáa. Ariwo ló pọ̀ níbẹ̀."

Ó yíjú sí mi. "Bọ̀dá Dennis, ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?"

Mo ní inú sítọ́ọ̀ ni mo wà.

Mo rí i tí ó ń gbà á, díẹ̀díẹ̀. Ó mi orí. "Bóyá èmi ni mi ò fetí sílẹ̀. Ọmọ yìí ṣàìsàn lọ́sẹ̀ yẹn, ọkàn mi ò sí níbì kan." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti ń bínú sí yín lásán, sà. Ẹ dákun."

Ó dìde láti bu omi fún wa. Ó kọ̀ kí ọmọ bá a gbé e, ó ní àlejò òun ni wá. Ó gbé ife àkọ́kọ́ wá fún Ọbáfẹ́mi, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ó na ife náà sí i, ìgbà náà ni ó tó rí ọwọ́ tí ó fi gbé e. Ojú tì í gan-an.

"Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ òsì ni mo fi fún yín."

"Kò burú," ni Ọbáfẹ́mi wí. "Mo ti dárí jì ọ́."

Ó gba omi náà, ó mu ún tán. Èmi náà mu tèmi.